Bàbá Káfíńtà, Ẹni Tó Wọn Gbogbo Ilẹ̀kùn Yunifásítì

Ọdún 1946 ni wọ́n bí bàbá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Káfíńtà, sínú ìdílé àgbẹ̀ ní ìlú kékeré kan létí odò. Aránṣọ ni ìyá wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà jáde ní 1959, kí wọ́n tó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà.

Ní 1972, wọ́n fẹ́ ìyá wa, nọ́ọ̀sì tó ní òun ò ní fẹ́ ẹni tí kò lè kan àga tí kò mì. Wọ́n kan án. Kò mì dòní olónìí.

Yunifásítì gbà wọ́n síṣẹ́ ní 1975. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1994, wọ́n bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ arọ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ìdánwò sì ti ń lọ lókè.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, àwọn tó máa ń gbé mi ti wọlé. Ìdánwò kẹta tó máa fò mí rèé."

Bàbá ké sí awakọ̀ kan, wọ́n jọ gbé e tòun ti kẹ̀kẹ́ gun àtẹ̀gùn méjìlélọ́gbọ̀n. Inú bí Bàbá débi pé wọn ò lè jẹun ọ̀sán.

Nígbà tó di Sátidé, Bàbá, awakọ̀ yẹn, olùkọ́ ìṣirò kan àti ogójì akẹ́kọ̀ọ́ tú yááyáá sínú ọgbà pẹ̀lú téèpù. Wọ́n wọn gbogbo ilẹ̀kùn, wọ́n ka gbogbo àtẹ̀gùn. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣẹ̀sín: "Ṣé ẹ fẹ́ ránṣọ fún ilé ni?" Nínú ọgọ́ta yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, mẹ́rin péré ni kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ!

Gbogbo wọn kó ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n náà sí lọ bá ọ̀gá àgbà yunifásítì níta ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní òun máa gbé ìgbìmọ̀ dìde. Bàbá ṣí fìlà.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tá a yá wá yìí, kẹ́ ẹ fi padà sí ọ́fíìsì yín."

Ọ̀gá jókòó. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ló dá a dúró. Ó wo àtẹ̀gùn, ó wo Bàbá.

"Káfíńtà, ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?"

"A ti bẹ̀rẹ̀, sà!"

Ni ariwo ayọ̀ bá sọ! Láàárín ọdún kan, gbogbo ilé ti ní ilẹ̀kùn tó fẹ̀ àti ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà gòkè. Látìgbà náà, wọn kì í kọ́lé níbẹ̀ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ jókòó yẹ àwòrán rẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn ti di olùkọ́ àgbà níbẹ̀.

Bàbá kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ fún ọgbọ̀n ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn àti dùùrù kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Ìyàwó wọn, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ló gbẹ̀yìn wọn.

Bàbá wa, ẹ ṣe é re. A ò ní jẹ́ kí ilé yín tú. Ẹ sùn re o.