Orí Òrùlé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹta
Wọ́n tún nà wá. Méjì sí òdo. Àwa la wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú líìgì — bá a bá tún lọ sísàlẹ̀ sí i, àfi ká máa gbẹ́ ilẹ̀. Ta ló fà á? Òrùlé. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí gíga ẹ̀: gbogbo ohun tó bá já bọ́ láti òkè, òun ló ń bà. Ẹni ọdún méjìdínlógójì! Bó bá ń sáré, àfi bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí èèyàn mẹ́rin ń gbé gun àtẹ̀gùn. Òun ló ń gbá iwájú, kò sì gbá ẹyọ góòlù kan wọlé láti ọdún tó kọjá. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹsẹ̀ bí iná, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n fi mí sí. Mo sì ti gbá mẹ́fà wọlé! Mo bẹ Kóòṣì — Fèrè là ń pè é, torí fèrè kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀ — pé kó gbé mi sáàárín. Ó ní bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Fèrè ẹnu ẹ̀ bá a ṣe àmín — fíìì.

Ọjọ́ Àìkú, 5
Inú ń bí mi. Ó tán.

Ọjọ́rú, 8
Òrùlé ní òun ò gbá mọ́. Kò sọ ìdí. Fèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fèrè mì. Èmi? Mo jó láti pápá délé. Bóyá ẹnu mi ló lé e lọ. Ṣé èmi ni mo ní kó dàgbà ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Èmi ni mo gbá àárín. Wọ́n nà wá ní mẹ́rin sí òdo. Àwọn méjì tó ń ṣọ́ mi — òkè ńlá méjì tó wọ bàtà. Mo fò, mo fò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn áńgẹ́lì jẹun, orí tiwọn náà ni bọ́ọ̀lù ń bà. Bá a bá gbá a jáde báyìí, kíá, ó ti padà wá bá wa bí ewúrẹ́ tó mọ ilé. Kò sẹ́ni tó máa dì í mú níwájú ká lè mí. Aṣọ́lé wa sunkún. Ó ní òógùn ni.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Mo ro góòlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn pátá, orí Òrùlé ni wọ́n ti bọ́ sẹ́sẹ̀ mi. Ọkùnrin méjì á rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, òun á dúró, á kàn án wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ sílẹ̀. Ìwé yìí nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á, irọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Mo lọ bá a níbi tó ti ń ṣe táyà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú epo ọkọ̀ — màámi á pa mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá." Ó ní, "Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ńkọ́? Wọ́n ti gbé e dókè?" Ta ló sọ fún un!! Ó kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo wá sọ ohun tí Fèrè sọ fún wa: bá a bá já kúrò nínú líìgì yìí, wọ́n á tú ẹgbẹ́ ká, ó parí. Ibẹ̀ ló ti gbé irinṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ogún ọdún ló ti lò nínú ẹgbẹ́ yìí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì tó kù ká gbá yìí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."
Àwàdà ńlá: ó tú táyà tó jò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún de òun náà padà láì lẹ̀ ẹ́. Ọlọ́kọ̀ figbe ta. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Ọ̀kan sí òdo! Àwa! Mo gbé e sókè, Òrùlé kàn án padà, mo fi òsì bá a wí, àwọ̀n ya. (Kò ya.) Lẹ́yìn ìsinmi, Òrùlé lọ dúró, ó kọjú sí ilé tiwa bí ẹni pé ibẹ̀ la fẹ́ gbá a sí. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó pẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 20
Ìyàwó Òrùlé dúró dè mí lẹ́nu géètì ilé-ìwé. "Ìwọ lo lọ bẹ̀ ẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní dókítà ti ya àwòrán ọpọlọ ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó ti ń fi orí kàn láti ogún ọdún ti ṣe é léṣe. Bó bá ń kàn án lọ, ó lè dọjọ́ kan kó má mọ ọmọ bíbí inú ẹ̀ mọ́. Ìdí tó fi kúrò nìyẹn. Kì í ṣe ẹnu mi.
Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn ní, "Bọ́ọ̀lù tó ń bà á lórí, ẹsẹ̀ ta ló ti ń wá?"

Ọjọ́rú, 22
Mo sọ fún Fèrè. Ó yọ fèrè lẹ́nu — ìgbà àkọ́kọ́ láyé! Ló bá pe Òrùlé, ó bi í lójú gbogbo wa. Òrùlé fi ìkúùkù gbá orí ara ẹ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀. "Ìrókò ni. Ta ló ní ó ń ṣe mí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ti Fèrè ló pọ̀ jù. Ó wù ú kó gbà á gbọ́. Inú bí mi débi pé mo lè jẹ bàtà mi tokùntokùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25
Òdo sí òdo. A ti já.
Ká borí nìkan ló lè gbà wá. Gbogbo ìgbà tí aṣọ́lé bá ta á gígùn, Òrùlé á kàn án, gbì. Mo gbọ́ gbogbo gbì yẹn. Méjìlá. Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, a gba kọ́nà. Èmi ni mo máa ń gbá a. Gbogbo èèyàn wà níwájú ilé wọn. Òrùlé nìkan dúró, kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọ, ó nawọ́ sókè. Afọ́jú ò lè tàsé ẹ̀.
Mo gbé e gba ilẹ̀. Ẹni tó súnmọ́ ọn jù lára wọn fi ẹsẹ̀ jù ú nù. Rẹfirí fọn fèrè.
Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Aṣọ́lé tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Ṣé kí n tún dárúkọ dókítà ni? Wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́rú.

Ọjọ́ Àìkú, 26
Òrùlé wá sílé wa. Màámi fún un ní àga, kò jókòó. Ó dúró títí màámi fi jáde.
Ó ní, "Orí ta ni?"
Mo ní, "Tiyín ni, sà."
"Tèmi ni. Ogún ọdún ni mo fi gbé ẹgbẹ́ yẹn. Mo fẹ́ fi gbé e lẹ́ẹ̀kan péré sí i, o ní o ò gbà."
Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì. Ẹnu mi tí kì í sinmi, ó kọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá ní ká tún un gbá lọ́la, ilẹ̀ náà ni màá gbé e gbà."
Mo rò pé á fọ́ mi létí. Mo tilẹ̀ ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ dè é. Ó ní, "Òmùgọ̀ ọmọ." Ìgbà yẹn ló tó jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ẹ̀ mú jẹ́ẹ́, bí aṣọ́lé ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú.