Ohùn Mi Nínú Orin Súlíyà

Ọjọ́bọ, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì

Awakọ̀ tírélà kan wá ra obì lónìí. N kò rí i rí. Bí mo ṣe jágbe mọ́ ọn pé kó má jókòó lé àpò obì mi, ó bú sẹ́rìn-ín: "Alhaja, ẹ̀yin lẹ ń pariwo nínú orin yẹn!" Láti Ìlọrin ló ti ń gbọ́ ọ bọ̀.

Inú yàrá obì mi ni Súlíyà ọmọ mi ti gba orin ọ̀hún sílẹ̀. Máìkì kékeré kan àti kọ̀ǹpútà àlòkù, ó parí! Nígbà tí èmi ń kọ wákà, ẹni tí kò bá rówó situdíò Èkó, orin rẹ̀ á kú sí i lẹ́nu ni. Tèmi tó kú bẹ́ẹ̀...

Súlíyà ní àpò obì kì í jẹ́ kí ariwo títì wọlé. Àmọ́ obì kò fẹ́ ooru. Lọ́jọ́ tó ti ilẹ̀kùn láti gba orin náà, ni mo bá pariwo: "Ta ló tún ti ilẹ̀kùn mọ́ obì mi?" Máìkì gba ohùn mi sílẹ̀, Súlíyà sì fi bẹ̀rẹ̀ orin. Mo ní kó yọ ọ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló dùn jù."

Ọmọ yìí gbọ́n jù mí lọ.

Lọ́la, n óò kó obì lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, n óò fi àpò òfìfo kọ́ ara ògiri fún un. Kó máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ bó ṣe wù ú.