Òwú Orí Mi La Fi Rán Aṣọ Náà

Olówó orí mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ayọ̀ kún inú mi níbi iṣẹ́ fọ́tò tí mo wá ṣe yìí! Lánàá ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí èmi ìyàwó yín dá ya fọ́tò aṣọ.

Aṣọ dúdú gígùn ni, orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé kan la ti ń yà á. Bí ọmọge tó wọ̀ ọ́ ṣe gbẹ́sẹ̀ báyìí, fàà! Aṣọ ya léjìká. Òwú funfun nìkan ló kù lọ́wọ́ aránṣọ wa. Oòrùn sì ń wọ̀, bó bá wọ̀ tán, àǹfààní mi lọ nìyẹn. Ni mo bá tú òwú dúdú tí àbúrò yín fi di irun mi, mo fi rán an, mo gbé kámẹ́rà.

"Ìyàwó, irun ńkọ́?" lọ̀gá wa bi mí.

"Irun á dúró dọ̀la, sà. Oòrùn ò ní dúró."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí! Ìdajì orí mi rí jágajàga, ṣùgbọ́n fọ́tò mi ló máa wà níwájú ìwé tí àwọn aláṣọ náà fi ń polówó ọjà wọn!

Mò ń jẹun dáadáa. Bẹ́ẹ̀dì mi fẹ̀, àpò kámẹ́rà ni mò ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ tiyín.

Ọ̀gá ní kí n fi oṣù mẹ́ta kún iye àkókò tí mo máa lò níbí. Inú mi dùn débi pé mo ti gbà kí n tó rántí pé ìgbéyàwó wa ò tíì pé oṣù méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀ ná.

Ẹ bá mi kí Ìyá àti Bàbá. Ẹ ní mò ń bọ̀. Ẹ má tíì dárúkọ oṣù fún wọn.

Èmi ni,
Ìyàwó yín.