Ohun Tí Mo Sọ Lójú Fèrèsé Dókítà

Bàbá Ìbejì,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jẹun kí ẹ tó lo oògùn. Méjì péré ló kù.

A ti rí dókítà tuntun, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kó mi nírìíra. Obìnrin tó tò síwájú mi sọ fún akọ̀wé pé ọkọ òun ní ìtọ̀ ṣúgà. Akọ̀wé pa ìwé dé. Ó ní, “Mà, ẹni tára ẹ̀ le là ń gbà. Dókítà kan ṣoṣo ló kù fún wa, apá ẹ̀ ò ká àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́.” Dókítà wo ni kì í fẹ́ aláìsàn?

Nígbà tó kàn mí, ẹ̀rù bà mí, mo ní orí ò fọ́ ọkọ mi rí. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ìwé yín. Ẹ má bínú.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ rí yín. Ẹ má tẹ ọ̀pá débẹ̀, ẹ má sì mí gúlegúle níwájú akọ̀wé yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé tọ dókítà, ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn dáadáa, kí ẹ wá sọ òótọ́ fún un, kó má baà fún yín ní oògùn tó máa pa yín.

Ìyá Ìbejì