Ojú Bàbá Lẹ́yìn Ilé Tóyọ̀sí

Mọ́ńdè, 6 Òkítóbà

Wọ́n tún sọ ọ́ lónìí. Mummy, ìyá ọkọ mi. Nínú ìwé yìí, Màmá Fáìlì ni mo ń pè wọ́n. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ fáìlì wò ni wọ́n ṣe ń yẹ èèyàn wò.

Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Toyibat, ọmọ yìí ti pé mẹ́rin. Ọ̀dọ̀ Gbémi n'Íbàdàn ló yẹ kó wà. Kí nìwọ fẹ́ kọ́ ọ? Ìwọ tó o dúró ní JS Túù?"

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ẹ ṣé kí ni? Ó ṣe mí bíi kí n gbá ara mi lẹ́nu.

Àǹtí Gbémi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ò tíì rọ́mọ bí. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Àmọ́ ṣé ọmọ tèmi ni wọ́n á fi tù wọ́n nínú?

Enoch ọkọ mi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló ń wò. Dákẹ́ lorúkọ tiẹ̀ níbí. Bọ́ìsì-kọ́tà ẹ̀yìn ilé ìyá ẹ̀ là ń gbé ní Festac — ilé wọn, iná wọn, omi wọn. Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ̀rọ̀?

Túsìdeè, 7 Òkítóbà

Àǹtí Yíwọlá, tíṣà Tóyọ̀sí, dá mi dúró lẹ́nu géètì sukúù. Ọjọ́ kejìlélógún ni Ópìn Dè, tí òbí máa ń wá wo iṣẹ́ ọmọ. Kí òbí àti ọmọ jọ kun àwòrán nílé, kí wọ́n lẹ oríṣiríṣi nǹkan mọ́ ọn. Wọ́n á so ó kọ́ kí gbogbo èèyàn wò ó.

Ó ní, "Màmá Tóyọ̀sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fáwọn tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù o. Ọwọ́ ọmọ ni mo fẹ́ rí." Ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, Dennis, ọmọ kíláàsì wọn, gbé ẹ̀rọ òfuurufú tó ń tan iná wá. Dennis tí ò tíì lè nu imú ẹ̀!

Mo bi í pé kí la máa fi ṣe é. Ó ní ohunkóhun tó bá wà nílé.

Ohunkóhun nìkan náà ló wà nílé mi.

Tọ́sìdeè, 9 Òkítóbà

Mo po láfún lórí iná, ó ki dáadáa. Mo pín in sínú ike. Omi sóbò — pupa. Kọ́rì — yẹ́lò. Búlúù tá a fi ń fọ aṣọ funfun — búlúù. Pẹ́ńtì dé.

Mo gé ilá sí méjì. Tóyọ̀sí tì í bọ sóbò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Fláwà! Ó pariwo, "Mummy, ilá ti di fláwà!" A rẹ́rìn-ín títí. A sáré nu ògiri.

Fráìdè, 10 Òkítóbà

Kò nù tán. Màmá Fáìlì rí i. "Oúnjẹ lo fi ń kọ́ ọmọ ní ìwà ẹgbin." Wọ́n fọwọ́ kan ibẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n yíjú, wọ́n wọlé lọ. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Sátidé, 11 Òkítóbà

Wọ́n ní kí n palẹ̀ sítọ́ọ̀ mọ́. "Gbogbo pàǹtí ibẹ̀, dà á nù. Má wá máa bi mí ní ìbéèrè."

Eku ti jẹ páálí, omi òjò ti wọlé. Mo rí bébà líle méjì tó lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn funfun. Kádíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́! Mo tọ́jú ẹ̀, mo da ìyókù nù. Inú mi dùn.

Sọ́ńdè, 12 Òkítóbà

Wọ́n lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa ń kọ́lé sórí bébà yẹn. Ògiri — ẹ̀wà, a fi láfún lẹ̀ ẹ́. Òrùlé — àkúfọ́ èèpo ẹyin. Kọ́tìnì — àjákù áńkárá. Fláwà ilá yí gbogbo ẹ̀ ká. Tóyọ̀sí ní ilé ò ní wíńdò, báwo làwọn ará ilé á ṣe máa yọjú? Mo mú sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé irun oníbàárà nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Mo di ọwọ́ Tóyọ̀sí mú, a jọ gé ihò róbótó kan.

Mo wò ó, wò ó. Ó rẹwà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n tún wá sọ pé mi ò lè kọ́ ọmọ.

Wẹ́sìdeè, 22 Òkítóbà

Mo ti bàjẹ́.

Okùn ni wọ́n ta láàárín kíláàsì, wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì so iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ́ ọ. Tiwa wà láàárín. Láfún ti rẹ bébà yẹn, mi ò mọ̀. Fáànù ń fẹ́. Màmá Fáìlì jókòó níwájú pẹ̀lú gèlè wọn. Àǹtí Yíwọlá pe Tóyọ̀sí síta, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Bébà ẹ̀yìn já. Ó balẹ̀ níwájú bàtà wọn.

Kàlẹ́ńdà ni. Kàlẹ́ńdà ìrántí ọdún kẹwàá tí Bàbá ọkọ mi kú. Bébà méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra, ojú sójú, ẹ̀yìn funfun nìkan ni mo rí. Bàbá ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀. Wíńdò Tóyọ̀sí wà ní ojú wọn ọ̀tún.

Ìyá kan ní, "Jésù!" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Màmá Fáìlì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n fi ìborùn wọn nu eruku ara ẹ̀, wọ́n jáde.

Nílé, mo kúnlẹ̀. Mo ní sítọ́ọ̀ ni mo ti rí i, mà, ẹ̀yin lẹ ní kí n dà á nù, mà.

Wọ́n ní, "Ojú ẹ kì í sùn nílé yìí. Ìgbà tó kan ojú ọkọ mi ló wá sùn? O fi sísọ́ọ̀sì fọ́ ojú òkú, o sì fi ọwọ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀ ṣe é."

Ìgbà tí wọ́n ń sunkún, àánú wọn ṣe mí. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Tọ́sìdeè, 23 Òkítóbà

Àǹtí Gbémi gbé mọ́tò dé. Wọ́n ní ọjọ́ mídtáàmù nìkan lọmọ máa lò lọ́dọ̀ wọn n'Íbàdàn. Mo wo Dákẹ́. Ó ní, "Jẹ́ kó lọ, kí ọkàn Mummy lè balẹ̀."

Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú. Àǹtí Gbémi ṣí búùtù — páálí pẹ́ńtì ńlá, pẹ́ńtì gidi, búrọ́ọ̀ṣì tó pọ̀. "Tóyọ̀sí, ta ló ni èyí?" Ó já ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó sáré wọ mọ́tò.

Kò bojú wẹ̀yìn.

Mọ́ńdè, 27 Òkítóbà

Sukúù wọlé. Wọn ò dá a padà. Àǹtí Yíwọlá ò lè wò mí lójú. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Grandma ti wá mú orúkọ ẹ̀ kúrò."

Mo lọ bá ìyá mi n'Íjẹgun-Ẹ̀gbà. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, ilé ọkọ nilé mi.

Túsìdeè, 28 Òkítóbà

Mi ò jẹun.

Tọ́sìdeè, 30 Òkítóbà

Ìrọ̀lẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n rí i lórí fóònù. Yúnífọ́ọ̀mù tuntun ló wọ̀, orúkọ sukúù wà láyà ẹ̀. Mo ní, "Tóyọ̀sí mi, ṣé o ti jẹun?"

Ó yíjú sẹ́yìn, ó ń bi Àǹtí Gbémi, "Mummy, ṣé kí n sọ fún un?" Àǹtí Gbémi ní, "Sọ fún Àǹtí pé o ti jẹun."

Ó wá kojú sí mi. Ọmọ tí wọ́n là mí níkùn kí n tó bí.

"Mo ti jẹun, Àǹtí. Ó dàárọ̀, Àǹtí."

Dákẹ́ ní ọmọdé ni, kí n má fọkàn sí i.

Fráìdè, 31 Òkítóbà

Gáréèjì Mílè Túù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ Ìbàdàn ku èèyàn kan kó kún. Mo ka owó ọkọ̀, mo tún un kà. Kọ̀ǹdọ́ ní, "Màdáámù, ṣé ẹ̀ ń lọ àbí ẹ ò lọ?"

Mo wọkọ̀.