Ẹ Má Gbé Abẹ́rẹ́ Kúrò

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀, bí òtútù Ṣikágò ò tilẹ̀ fẹ́ kí orúnkún ó tẹ̀. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ kí Bùrọ̀dá mi ní Iwopin, ẹ kí gbogbo ará Òjòwò. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kí àwọn tó ń wá fi ẹjọ́ mi sùn yín lè kà á fúnra wọn.

Bùrọ̀dá pè mí. Wọ́n ní ẹ ti gbọ́ pé mo fẹ́ ṣe àwo orin, pé èmi onílù ni ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wa, orúkọ mi ló sì máa wà níwájú. Wọ́n ní ẹ ní kí n wá orúkọ mìíràn fi síbẹ̀, pé ìdílé tíṣà àti àlùfáà kì í bí onílù, àgàgà obìnrin. Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ṣé ẹ rántí àwo orin jáàsì yín, èyí tó ti wà kí wọ́n tó bí mi, tí onílù jẹ́ ọ̀gá fún gbogbo olórin tó kù? Orúkọ rẹ̀ ló tóbi jù lára páálí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, ẹ ó gbé e sórí ẹ̀rọ giramafóònù. Tí fèrè bá ti dákẹ́, tó ku ìlù nìkan, ẹ ó dìde, ẹ ó gbé abẹ́rẹ́ fo ibẹ̀. Ẹ ní ibẹ̀ ti bàjẹ́. Èmi náà gbà. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, èmi ni mo ń bá yín gbé e.

Níbí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú lọ́sàn-án, ìlù ni mò ń lù lálẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, ilé ẹni kan sí ilé ẹlòmíì nínú yìnyín. Lọ́jọ́ kan mo rí àwo yẹn gan-an nílé bàbá kan. Inú mi dùn bí ẹni rí ará ilé, torí àdáwà ìlú yìí ò ṣeé fẹnu sọ. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ. Bí fèrè ṣe dákẹ́, ọwọ́ mi ti na sí abẹ́rẹ́. Bàbá náà pariwo mọ́ mi, wọ́n ní kí ni mò ń ṣe, pé torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn ṣe rà á. Mo ní ṣebí ibẹ̀ ti bàjẹ́ ni. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Háà, Bàbá! Kò sóhun tó bàjẹ́ níbẹ̀ o. Gbogbo ẹgbẹ́ dákẹ́ fún ọkùnrin yẹn, kò sì kánjú. Ó ń lù ú jẹ́jẹ́, ó tún le bí òjò tó ń ti orí ọ̀sà bọ̀ wá sí Òde-Omi. Mo sunkún, inú sì bí mi. Ibi tí ẹ ń fò yẹn ni iṣẹ́ tèmi.

Mi ò ní yí orúkọ padà. Orúkọ tí ẹ sọ mí àti ti ìdílé wa, méjèèjì ló máa wà níwájú páálí, gàdàgbà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà. Ìlù kì í ba orúkọ jẹ́, olè jíjà ló ń bà á jẹ́. Ẹni tí kò bá dùn mọ́ nínú, kó ra òwú kó fi di etí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn tìfẹ́tìfẹ́. Àwo tèmi náà, èyí tí abẹ́rẹ́ ń kọ ni mo ní kí wọ́n ṣe, Bùrọ̀dá á sì gbé e wá bá yín. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ rárá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e, tó bá wá ku ìlù nìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Èmi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Adérónkẹ́ onílù.