Àdúrà Tí Miriam Kọ̀ Láti Kà

Èmi, Rhoda Ayọ̀kẹ́mi Lájídé, ọmọ Iyamoye, tí mo fi Kabba ṣe ibùgbé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Orúnkún ń dùn mí, ẹ̀jẹ̀ mi sì ń ru, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Ìwé yòówù tí mo ti kọ ṣáájú eléyìí lórí ohun ìní mi, mo pa á rẹ́.

Ọpẹ́dayọ̀, ọmọ mi obìnrin, àti Agbẹjọ́rò Joseph Ọbáyọmí ni mo fi ṣe alámòójútó. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sókè lójú ẹbí. Ẹ má fo ìlà kankan, títí kan ibi tí ojú ti ń ti èmi fúnra mi.

1. Oko kajú mi tó wà ní Iyamoye, mo fún Ayọ̀wálé, ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Abuja. Kò gbọdọ̀ tà á.

Ayọ̀wálé, ọmọ mi ni ọ́, o kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n mo rí ọ lọ́jọ́ Ẹtì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí o tò sórí ìlà pẹ̀lú ìwé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, kí àwọn ọmọ tí kò tíì jẹun láti àárọ̀ lè gbé ọwọ́ lé e. Àgbà ọkùnrin tó ti bímọ! Ó rí mi lára títí di òní.

2. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti jẹnẹrétọ̀ mi, mo fún Martha, aránṣọ tó ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn ilé mi. Jẹnẹrétọ̀ náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yá wọn ni, n kò ta wọ́n lọ́rẹ. Kí ẹ lọ gbé e. Bí máíkì wọn kò bá sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 2022, àwọn ajínigbé kó àgbẹ̀ mẹ́ta lọ nínú oko. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ mọ́kànlá tí mo ń kọ́ ní Bíbélì wà ní pálọ̀ mi. Mo lọ bu omi wá fún wọn. Kí n tó dé, wọ́n ti kúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán wọn. Èdè Ìjùmú wa ni wọ́n ń sọ, èyí tó kéré jù nínú wọn sì kọ́kọ́ kí Ọlọ́run bí a ṣe ń kí àgbà: "Ọlọ́run, okun o." Ó ní kí Ó fi ọ̀nà han àwọn bàbá náà. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹsẹ̀ rìn wálé. N kò sọ pé àdúrà ọmọ ló mú wọn bọ̀. N kò sì sọ pé òun kọ́.

Babátọ́pẹ́, àbúrò mi, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa, ló sọ ọ́, tó sì sọ ọ́ kọjá ààlà. Kí oṣù náà tó parí, ó ti dá Ìsìn Ọmọ Agbàdúrà sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Àwọn àlejò ń fi ọkọ̀ ńlá wá láti Lokoja àti Abuja. Ó ń gbé àwọn ọmọ dúró lórí tábìlì, ó ń fi ebi pa wọ́n di ọ̀sán, ó ní ààwẹ̀ ni. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa pariwo àti bí wọn yóò ṣe máa gbọ̀n. Ó ń kọ àdúrà sínú ìwé fún wọn kí wọ́n há a sórí. Ọmọ tó ń kí Ọlọ́run bí ẹni ń kí bàbá rẹ̀ àgbà ti di ẹni tó ń jágbe mọ́ Ọn bí ọlọ́jà tó ń polówó.

3. Ìpín mi nínú ilẹ̀ bàbá wa, mo fún Babátọ́pẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé fọ̀ kúrò lára. Mo tún fún un ní ìwé pélébé kan tó wà nínú àpótí mi, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ìwé náà ló fi lé Miriam, ọmọ Martha, lọ́wọ́ lójú gbogbo ìjọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Àdúrà kí iná jó àwọn ajínigbé nínú igbó, kí ìran wọn parẹ́, ló wà níbẹ̀. Miriam wò ó, ó ká a, ó sì di ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run, bí àwọn tó wà nínú igbó bá ní ìyá, ẹ jẹ́ kí ìyá wọn pè wọ́n wálé. Kí ebi má pa wọ́n, kí wọ́n má baà kó èèyàn mọ́."

Babátọ́pẹ́ já máíkì gbà. "Ta ló rán ọ? Níbo lo ti mọ̀ wọ́n?" Ó kéde pé ọmọ náà ń bá àwọn ajínigbé ṣèpàdé lójú oorun. Ó ní kí wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu, kí ẹ̀mí náà lè jáde. Martha wólẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìjọ ń pe "Àmín."

Ìjókòó iwájú ni mo wà. Èmi ni olórí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Mo tún gèlè mi ṣe, mo sì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ èyí, bí ẹ bá kórìíra Babátọ́pẹ́, ẹ má gbàgbé mi.

Lọ́jọ́ kejì, Hàmdálàt, aládùúgbò mi tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọlé tọ̀ mí wá láìkí mi. "Màmá Rhoda, ọmọ kan ń sunkún nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín. Mo gbọ́ ọ láti ojú ọ̀nà. Ṣé kì í ṣe ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà?" Ọwọ́ mi ni. Láti àná tí wọ́n ti fi lé mi lọ́wọ́ ló ti wà nínú pọ́ọ̀sì mi.

A jọ lọ ṣílẹ̀kùn. Ètè ọmọ náà ti bó. Nígbà tó rí mi, ó yára kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mo ti ń gbìyànjú láti há èyí tí wọ́n kọ sórí." Hàmdálàt gbé e pọ̀n, ó sì lọ fún un ní kúnú. Èmi ni mo mú ìwé náà nílẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá Babátọ́pẹ́, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́." Láti ọjọ́ náà, n kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ìsìn náà mọ́.

Babátọ́pẹ́, gba ìwé rẹ padà. Bí àdúrà náà bá dára, máa gbà á fúnra rẹ.

4. Ilé mi ní Kabba di ti Ọpẹ́dayọ̀, àyàfi yàrá ẹ̀yìn, tí Martha yóò máa gbé títí yóò fi wù ú láti kó jáde. Àwọn ọmọ àdúgbò lè máa péjọ ní pálọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Kí wọ́n jẹun ná. Àgbàlagbà tó bá wá bẹ̀ wọ́n ní àdúrà, kí ẹ lé e jáde.

5. Ewúrẹ́ mi mẹ́rin di ti Miriam. Abo ni mẹ́ta, ọ̀kan sì lóyún.

6. Kí ẹ sin mí ní Iyamoye láàárọ̀, láìsí ariwo. Babátọ́pẹ́ lè wá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbàdúrà níbẹ̀. N kò yan ẹlòmíràn. Bí kò bá sí ẹni tí ọ̀rọ̀ wá sí lẹ́nu, ẹ bo ilẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Láti ọjọ́ tí a ti mú un jáde, Miriam kò gbàdúrà sókè mọ́. Bí a bá ń gbàdúrà oúnjẹ, ṣe ló ń wo ilẹ̀. N kò fi agbára mú un. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àìsàn dá mi dúbúlẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì wá jókòó sẹ́bàá mi. Ó rò pé mo ti sùn. Mo gbọ́ tó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọlọ́run, èmi Miriam ni. N kò fẹ́ kí Màmá lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n, kí ẹ rọra mú wọn."

N kò ṣe Àmín. Mo di ojú mi pa, kí ó má baà mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí i ní Kabba, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì, ọdún 2025, lójú àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ yìí. N kò fún wọn ní nǹkan kan nínú ìwé yìí, kí ẹ̀rí wọn lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Rhoda Ayọ̀kẹ́mi Lájídé

Ẹlẹ́rìí: Hàmdálàt Láwọ̀yín, oníṣòwò, Kabba
Ẹlẹ́rìí: Ṣùháíbù Qòsím, bíríkìlà, Kabba